Ọmọ ajá tuntun wà nínú ilé, Màmá àti Alhaja sì ń bọ̀ láti Òṣogbo fún ọdún Kérésìmesì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìjẹta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ tó lọ jù. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ṣèlérí ajá fún àwọn ìbejì wa, tí wọ́n pé ọmọ ọdún 7 ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a sì mú ìlérí náà ṣẹ. Abo Labrador dúdú ni, ó pé ọ̀sẹ̀ 9, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ìyá rẹ̀ gan-an ni a ti gbà á, a sì fi ojú ara wa rí i tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn títí di alẹ́ ìjẹta tí ọkọ mi sọ fún mi pé físà ìyá rẹ̀ àti ti àbúrò ìyá rẹ̀ ti jáde, pé wọn yóò gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí di àárín oṣù Kìíní.

Ẹ̀rù tó ń bà mí kò wá láti inú àròsọ. Nígbà tí Màmá wà ní ọmọge, ajá bù wọ́n jẹ ní ọ̀nà ọjà, abẹ́rẹ́ 14 ni wọ́n sì gbà sí ikùn, yíká ìdodo, lọ́kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Wọ́n ti ká ìró sókè rí láti fi àpá eyín náà hàn mí ní ojúgun wọn. Títí di òní, bí ajá bá wà ní òdìkejì títì, Màmá yóò dúró títí ajá náà yóò fi lọ. Àbúrò wọn, Alhaja, kì í fi ìrun wákàtí márààrún ṣeré, wọ́n sì ti máa ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé itọ́ ajá kò gbọdọ̀ kan aṣọ tí àwọn fi ń kírun. Ilé wa kò tóbi: yàrá mẹ́ta ló wà lókè, pálọ̀ àti ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, ọgbà kékeré kan sì wà lẹ́yìn. Aládùúgbò kan ní kí a gbé ajá náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ajá sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́, ẹkún ni wọ́n fi sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá kó sọ bó ṣe ṣe é tí ọkàn àwọn àgbà fi balẹ̀, tí ìyà kò sì jẹ ajá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chicago

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ àlejò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi, nítorí n kò fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ wá kí wa ní ìgbà òtútù, n kò sọ fún wọn pé a ti ní ajá. Mo rò pé bí wọ́n bá dé, tí wọ́n rí i bí ó ti jẹ́ onísùúrù tó, ọ̀rọ̀ náà yóò yanjú fúnra rẹ̀. A ti pápákọ̀ òfurufú dé, ìyá mi wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta léra wọn, òtútù sì ń gbọ̀n wọ́n. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn báyìí ni ajá náà sáré jáde láti kí mi, tí ó fò mọ́ wọn láyà. Wọ́n ṣubú sórí àpótí ẹrù wọn. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọn kò fara pa, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn nínú yàrá.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ọjọ́ kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n ní, “O mọ̀ pé mò ń bọ̀, o mọ̀ pé ajá wà níbẹ̀, o kò sọ fún mi.” Kì í ṣe ajá ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ọmọ wọn kò kà wọ́n sí ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Kí ọkọ yín fúnra wọn sọ ọ́, kí ó má jẹ́ ẹ̀yin, nítorí bí ìyàwó ilé bá ni ó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé ẹ fi ajá díwọ̀n ìyá ọkọ yín. Kí wọ́n fi fídíò orí WhatsApp hàn wọ́n bí ajá náà ti kéré tó, kí wọ́n sọ ibi tí yóò máa sùn, kí wọ́n wá béèrè pé, “Màmá, kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe kí ọkàn yín lè balẹ̀?” Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ èsì. Ohunkóhun tí Màmá bá bèèrè, bí ó bá ti ṣe é ṣe, ẹ ṣe é kí wọ́n tó dé.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, Birmingham

Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ pátápátá. Ilé ìtọ́jú ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, oṣù Kejìlá sì ni a máa ń rí irú ìdààmú yìí jù.

Mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín kí ẹ má gbé ọmọ ajá náà lọ síbì kankan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 tàbí 16 ni ọmọ ajá máa ń kọ́ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù: ohùn àgbàlagbà, ọ̀pá ìtilẹ̀, gèlè, ariwo ìkòkò, ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ni tiyín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí àwọn àlejò bá dé. Bí ó bá lo gbogbo àkókò yẹn níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni ẹ óò máa tún un kọ́ fún ọdún púpọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ibi tó dára kì í gba ajá tí kò tíì pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì sábà máa ń kún fún ọdún Kérésìmesì láti oṣù mélòó kan ṣáájú.

Ohun tí ilé yín nílò ni ilẹ̀kùn kékeré onírin tí wọ́n fi ń dá ọmọ ọwọ́ dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ẹ ra méjì. Ẹ fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí gbogbo òkè jẹ́ ti ènìyàn nìkan, kí Màmá mọ̀ dájú pé bí àwọn bá ti gòkè, ajá kankan kò lè bá àwọn níbẹ̀. Ẹ fi ìkejì sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ ra àgò ajá, ẹ tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ kan tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀, ẹ sì sọ fún tọmọdé tàgbà pé bí ajá bá ti wọ inú àgò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ajá máa ń sùn tó wákàtí 18 sí 20 lóòjọ́. Èyí tí a kò jẹ́ kí ó sùn nítorí àlejò ni ó máa ń fi eyín gé ènìyàn, tí a ó sì máa pè é ní ajá burúkú nígbà tó jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun náà lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ 14, kí ajá má baà rò pé àwọn àlejò ni ó gba òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí ajá wà nínú ọgbà pẹ̀lú ẹnì kan tàbí nínú àgò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n kí gbogbo ilé. Kò pọn dandan kí wọ́n rí ajá ní ọjọ́ náà rárá. Bí Màmá bá ti ṣe tán, kí wọ́n jókòó sórí àga, kí ẹnì kan mú ajá wọlé pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí wọ́n sì mú un jáde. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ má ṣe gbé ajá lé Màmá lẹ́sẹ̀ láé, bó ti wù kí ó kéré mọ.

Lórí ẹ̀rù dìgbòlugi, ẹ má ṣe bá Màmá jiyàn pé ẹ̀rù wọn kò nídìí, nítorí ó nídìí. Àìsàn náà ṣì ń pa ènìyàn nílé wa, ẹni tí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó yè é. Ohun tí ẹ lè sọ fún wọn ni pé láti ọdún 1922 ni wọ́n ti lé dìgbòlugi kúrò láàárín àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyàfi ìwọ̀nba èyí tí wọ́n bá kó wọlé láti òkèèrè, àti pé ọmọ ajá yìí, tí wọ́n bí síhìn-ín, kò tíì bá ẹranko kankan láti ìlú mìíràn pàdé.

Alhaja, Peckham

Ìyá Ìbejì, mo kí yín. Mùsùlùmí ni mí, ajá sì ti wà nílé mi fún ọdún mẹ́jọ nítorí ọmọ mi ọkùnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní mazhab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, wọ́n ka ajá sí ohun tó mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Mazhab Ṣáfíì ní tirẹ̀ kà á sí nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́, ohun tí itọ́ rẹ̀ bá sì kàn, ẹ̀ẹ̀meje ni a ó fọ̀ ọ́, tí a ó fi erùpẹ̀ kún omi ní ọ̀kan nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ ka èyí fún àǹtí ọkọ yín o. Ọ̀nà tí wọ́n bá ń gbà ṣe ẹ̀sìn wọn ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àlejò yín lè ní ìdúró kan, kí ẹlòmíràn sì ní òmíràn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo ṣe nílé mi nìyí. Yàrá kan wà tí ajá kò wọ̀ rí, àní láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé. Ẹní ìkírun, hìjáàbù, aṣọ funfun àti bàtà ìwọlé wà nínú yàrá náà, kò sí ohun tó ń ti ibẹ̀ wá sí pálọ̀. Ṣágo omi àlùwàlá wà nínú ilé ìwẹ̀ tó wà lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àlùwàlá tán kí ó tún gba iwájú ajá kọjá. Ní oṣù Kejìlá níbí, ọjọ́ kúrú púpọ̀. Ìrun ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́ àti ti mọ̀ngàrí kì í jìnnà síra wọn. Bí ẹ bá lè ṣètò kí ọmọ ajá wà nínú ọgbà tàbí kó sùn ní wákàtí wọ̀nyí, Alhaja àlejò yín kò ní máa fi ọkàn kan kírun, kí wọ́n máa fi ìkejì gbọ́ bóyá ajá ń gbó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ ṣeun gidigidi. Ọkọ mi ti pe Màmá ní àárọ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù sì bà mí, lẹ́yìn náà wọ́n wá bèèrè pé, “Ṣé ó máa ń gun orí bẹ́ẹ̀dì?” Nígbà tí ó ní rárá, wọ́n ní kí ó fi ilẹ̀kùn onírin náà hàn àwọn bí a bá ti rà á. A ti rà á.

Ìbéèrè mìíràn nìyí: àwọn àlejò wa kì í rin ìrìn ọwọ́ òfo. Ẹrù wọn yóò kún fún oúnjẹ àti oògùn. Kí ló wà níbẹ̀ tí ó lè pa ọmọ ajá lára? Mo mọ ti ṣokoléètì.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, Birmingham

Ìbéèrè yìí dára púpọ̀, nítorí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri níbí kò mọ ohun tó wà nínú báàgì ìyá tó ń bọ̀ láti Òṣogbo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí obì. Káféènì wà nínú obì, ìwọ̀nba nǹkan tó wà nínú kòkó tó sì ń pa ajá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orógbó kò ní káféènì bíi ti obì, ṣùgbọ́n ó lè há ọmọ ajá lọ́fun, nítorí náà kí méjèèjì wà lókè. Milo àti Bournvita ní kòkó nínú. Alábùkún jẹ́ áspírìn pẹ̀lú káféènì, ajá kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan án. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasitámọ́ọ̀lù, ibuprofen, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn àgbà máa ń tò sínú ike ọlọ́jọ́-méje, tí wọ́n sì ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga. Ike yẹn ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ẹrù náà, nítorí ó máa ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ohun ìṣeré, eyín ọmọ ajá sì lè fọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun kejì tí mo bẹ̀rù ni káńfọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àpótí aṣọ tí a kó láti ilé ṣe máa ń rí: bí a bá ti ṣí i, òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo yàrá, hóró rẹ̀ funfun kan á sì yí bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Májèlé gidi ni fún ajá. Ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù lókè, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onírin ní títì, kí ẹnì kan sì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn náà.

Nínú oúnjẹ, àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà ó tutù tàbí ó ti jinná, ọbẹ̀ ata wa kò sì lè wà láìsí àlùbọ́sà. Nítorí náà ajá kò gbọdọ̀ lá ọbẹ̀. Ẹja gbígbẹ ní egungun tó mú. Egungun adìẹ tàbí tòlótòló tó ti jinná máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó mú ṣónṣó, ó sì lè gún ìfun. Mo mọ̀ pé Màmá yóò sọ pé ajá nílé ń jẹ ẹ́, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa kì í padà wá ròyìn. Àjàrà tútù àti àjàrà gbígbẹ lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé kéèkì Kérésìmesì, pudding àti mince pie kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì kékeré tí imú ajá lè dé.

Àwọn àgbà wa máa ń fi oúnjẹ fi ìfẹ́ hàn. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan. Ẹ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ ajá náà sínú ike kékeré kan ní àárọ̀, kí ẹ sọ pé inú èyí ni ẹni tó bá fẹ́ fún un ní nǹkan yóò ti mú.

Bí ó bá ṣèèṣì jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fún un ní omi iyọ̀ kí ó lè bì. Epo lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, iyọ̀ sì jẹ́ májèlé fúnra rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó jẹ àti bí ó ti pọ̀ tó. Animal PoisonLine, ìlà fóònù fún ẹranko tó jẹ májèlé, wà pẹ̀lú, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé fóònù, ẹ ó sanwó fún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú yín nísinsìnyí ibi tí wọ́n ń gba ajá sí ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

Ọmọ Ọdẹ, Aberdeen

Ọ̀rọ̀ tèmi jẹ́ ti ìta. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ni ilẹ̀ ti ń ṣú ní oṣù Kejìlá, ajá dúdú sì ni ẹ rà. A máa ń sọ ọ́ nílé pé ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni. Níbí, awakọ̀ kò tilẹ̀ ní rí i rárá. Ẹ ra okùn ọrùn tó ń tan iná. Òfin sọ pé orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ajá gbọ́dọ̀ wà lára okùn ọrùn rẹ̀ bí ó bá wà ní ìta, microchip, ohun tíńtín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá láti fi dá ẹni tó ni ín mọ̀, sì ti di dandan fún ajá ní England láti ọdún 2016. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé nọ́ńbà fóònù yín ni ó wà lórí ìforúkọsílẹ̀ náà, kì í ṣe ti ẹni tó tà á fún yín, nítorí ìgbà tí àlejò ń wọlé tí wọ́n ń jáde ni ilẹ̀kùn máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kí ó tó pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ gbé e lọ́wọ́ bí ẹ bá ń jáde, kí ó máa wo mọ́tò àti ènìyàn láti àyà yín. Bí ó bá ti ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà dé, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín máa ń ta á, ó sì máa ń lá a. Omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kí ó má baà dì máa ń dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń pa á. Bí ó bá kán sílẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, ẹ fọ ibẹ̀ dànù.

Ìyá Àgbà, Cardiff

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí o ti kọ ọ́. Èmi ni Màmá nínú ìtàn yìí, nítorí mo ti jẹ́ àlejò nílé ọmọ mi tó ní ajá, kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rí.

Ohun àkọ́kọ́ tó dùn mí ni abọ́. Mo dé ilé ìdáná ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá abọ́ ajá nínú omi kan náà pẹ̀lú abọ́ tí mo fi jẹ èkọ. Mi ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni n kò lè jẹun dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí abọ́ ajá ní kànìnkànìn tirẹ̀ àti ibi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, kí Màmá fi ojú rí i. Ohun kejì ni àga. Ẹ jẹ́ kí àga kan wà ní pálọ̀ tó jẹ́ ti Màmá, tí irun ajá kò sí lára rẹ̀, tí ẹ ń fi aṣọ funfun bò títí di ọjọ́ tí wọ́n yóò dé.

Ohun kẹta ni ìró. Bí àgbàlagbà bá ń rìn, etí ìró ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ibi tí ẹnu ọmọ ajá gan-an wà, ọmọ ajá sì rò pé eré ni. Yóò gbá a mú, yóò máa fà á. Bí Màmá bá sáré, yóò sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹ kọ́ ajá náà láti ìsinsìnyí: kí ìwọ Ìyá Ìbejì máa ró ìró nínú ilé lójoojúmọ́ kí wọ́n tó dé, bí ó bá sì ti gbá a mú, dúró gbọn-in, fi ohun ìṣeré rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ 14, ìró kò ní jẹ́ tuntun lójú rẹ̀ mọ́.

Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ? Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ orúkọ òyìnbó tí kò tíì mọ́ ọn lára, ẹ jẹ́ kí Màmá fún un lórúkọ kan. Àwọn bàbá wa máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, Màmá sì mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi orúkọ tó jọ òwe sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ bi wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi orúkọ ajá bá ìyàwó orogún àti aládùúgbò jà, àgbà tó bá sì gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí a fi ń bá wí.

Olùkọ́, Leeds

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ìbejì. Nígbà tí àlejò bá wà, ojú gbogbo àgbà máa ń kúrò lára ọmọdé, àkókò náà gan-an ni ọmọ máa ń di ajá mọ́ra jù. Kí ọmọ àti ajá má ṣe wà nínú yàrá kan láìsí àgbà níbẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní àmì tí ajá ń fi hàn kí ó tó gé ènìyàn jẹ: ó lè yí orí kúrò, ó lè máa yán, ó lè máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, kí ara rẹ̀ le gan-an. Bí ó bá kùn, ẹ má nà án, ẹ kàn yọ ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ajá tí a nà nítorí pé ó kùn yóò kọ́ láti má kùn mọ́, yóò sì máa gé ènìyàn jẹ láìsọ.

Fún báńgà alẹ́ ọdún tuntun, ẹ mú ajá jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnnì, ẹ tan rédíò. Kí ẹnì kan jókòó tì í.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àwọn àlejò wa padà sílé ní Ọjọ́bọ̀, mo sì ṣèlérí pé n óò wá ròyìn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ geere. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ajá tọ̀ sórí káńpẹ́ẹ̀tì pálọ̀ níwájú Alhaja, nítorí pé a ń sọ̀rọ̀ tí a gbàgbé láti mú un jáde, wọn kò sì wọ pálọ̀ mọ́ títí a fi fọ gbogbo káńpẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago fóònù rán ara wọn létí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. A rí hóró káńfọ̀ méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ. Ní alẹ́ Kérésìmesì, ọmọkùnrin wa kan gbé egungun tòlótòló sọ́wọ́, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Màmá ló sì kígbe mọ́ ọn pé, “Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ó máa gún un nínú!” Gbogbo wa wo ara wa.

Màmá kò fọwọ́ kan ajá náà fún ọjọ́ 11. Wọ́n ń jókòó sórí àga aláṣọ funfun wọn, wọ́n sì ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onírin ilé ìdáná. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Sùúrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Kérésìmesì, mo sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, òkùnkùn ṣì wà níta, mo bá Màmá nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Ilẹ̀kùn onírin náà wà ní títì láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n fi ìka méjì ti hóró oúnjẹ ajá kan gba àárín irin náà, wọ́n sì yára fa ọwọ́ padà. Sùúrù jẹ ẹ́, ó jókòó. Wọ́n tún mú òmíràn nínú ike.